Ẹ Má Lóṣòó Sẹ́yìn Ajubọ́ǹbù

SẸ́GUN: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o. Houston lèmi ń gbé, Leeds ni àbúrò mi Ṣadé ń gbé, ṣùgbọ́n Iléṣà la wà lónìí, nínú pálọ̀ Màmá wa. Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni.

ṢADÉ: Bùrọ̀dá, ẹ sọ ohun tójú yín rí lálẹ́ àná fún wọn.

SẸ́GUN: Kí ni n óò sọ? Ajubọ́ǹbù B-17 kan ṣoṣo, bàálù Amẹ́ríkà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni mò ń lé nínú géèmù. Bàálù tèmi yára jù ú lọ, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yìnbọn títí, kò já. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló já èmi lulẹ̀.

ṢADÉ: Ẹ má bínú o, òṣómàáló lẹ ń bá a ṣe.

SẸ́GUN: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣáà ni mí!

ṢADÉ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí wọ́n bá dé ilé onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, nítorí onígbèsè ò níbọn nídìí. Ìbọn 13 ló wà lára irú B-17 tí wọ́n ń pè ní B-17G.

SẸ́GUN: Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yẹn ló rọrùn láti yìn ín.

ṢADÉ: Ó rọrùn fún òun náà! Ká ní ó ń sá 400 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ̀yin máa sá 550. Ẹ fi 150 péré jù ú lọ. Láti 800 mítà, ó máa gbà yín ní bí ìṣẹ́jú àáyá 19 kẹ́ ẹ tó bá a. Lójú oníbọn ìdí, ẹ ò yà sọ́tùn-ún, ẹ ò yà sósì, ńṣe lẹ kàn ń tóbi sí i.

SẸ́GUN: Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

ṢADÉ: Àwọn ará Jámánì tó ń bá B-17 jà nígbà ogun náà rí i. Láti ẹ̀yìn, bí ọta 20 ti milimítà 20 ló ń gbà kí B-17 tó já. Láti iwájú, mẹ́rin sí márùn-ún ti tó. Ní November 1942 ni Egon Mayer, ọ̀gá àwọn awabàálù ogun Jámánì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ pàdé wọn lójúkojú. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà fi ìbọn méjì sábẹ́ imú B-17G.

SẸ́GUN: Mo gbìyànjú ojúkojú náà. Mo ṣẹ́jú báyìí, mo ti rọ́ lù ú.

ṢADÉ: 400 tiẹ̀, 500 tiyín, 900 nìyẹn. 800 mítà ò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀gbẹ́ òkè lèmi fẹ́ràn. Ẹ jìnnà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tọ́ta rẹ̀ ò lè dé. Ẹ ṣíwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bí 1,000 mítà ga jù ú. Ìgbà yẹn lẹ máa wá yí sí i, kẹ́ ẹ dojú bàálù délẹ̀. Ṣé ẹ rántí bá a ṣe ń sọ òkò lu aláǹgbá lára ògiri ẹ̀yìnkùlé yìí? Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ síbi tó wà, ó ti kúrò níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ lẹ máa yìn ín sí, kó fúnra rẹ̀ wá pàdé ọta. Ẹ́ńjìnnì lẹ máa wá, tàbí ìdí apá. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ẹ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ máa lọ.

SẸ́GUN: Kí n máa lọ síbo? Mi ò tíì pa á!

ṢADÉ: Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ń kú. Tẹ́ ẹ bá fa imú sókè lójú ẹsẹ̀, eré á tán lára yín níwájú ìbọn wọn. Ẹ fi eré tẹ́ ẹ bá wálẹ̀ yẹn jìnnà ná, kẹ́ ẹ tó rọra gòkè padà. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

SẸ́GUN: Ìṣẹ́jú mẹ́rin nítorí àáyá méjì!

ṢADÉ: Kọ̀ǹpútà yín rèé, iná ṣì wà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

SẸ́GUN: Ó dáa... mo ti ga tó. Mò ń bọ̀ o... iwájú ẹ̀... ó bà á! Ṣadé, ẹ́ńjìnnì kan ń rú èéfín!

ṢADÉ: Ẹ káre! Ẹ máa lọ.

SẸ́GUN: Jẹ́ n kàn yí padà wò ó díẹ̀, bóyá ó máa já...

ṢADÉ: Bùrọ̀dá! Ẹ tún ti lóṣòó!

SẸ́GUN: ...Wọ́n ti gé mi lápá. Màmá ń pè wá, iyán ti délẹ̀.