Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ àti oògùn ọmọdé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyálọ́jà, àwọn oníkẹ́míìsì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti yọ ibi tí mo ti dúró mu omi kúrò.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo kí yín o. A máa dé Amẹ́ríkà lónìí, a máa dé Íńdíà, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn bí ìlú yìí ṣe jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú, apá wọn ò ká a. Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ̀dó sídìí igi àjàgbọn níbí, wà ní àtìmọ́lé l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kò ó lójú. Ó lọ, ó sì gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ bọ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sídìí àjàgbọn rẹ̀, orúkọ sì mọ́ ibẹ̀ lórí: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà wò. Aláàfin ò bi í léèrè irú ọfà tó máa ta. Òmìnira ń dúró dè é lọ́jọ́ tí orí bá wọ ààfin. Bí orí ò bá dé, kò sóhun tó jọ ọ́. Orí ni wọ́n so kóríyá mọ́, wọn ò so ó mọ́ ìrìnàjò. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn lórí oògùn àwọn ọmọ wa: kí ni wọ́n so kóríyá mọ́?

Oògùn kì í dédé di ohun ìpatì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé létí odò mọ inárun, bó ṣe ń yún ni lára tọ̀sán-tòru, tó sì ń fọ́ni lójú nígbẹ̀yìn. Ivermectin tí a ń lò fún un, ní 1981 tó kọ́kọ́ dé ọjà, oògùn ẹran ọ̀sìn ni. Màlúù ní olówó lẹ́yìn, ẹni tí inárun ń fọ́ lójú ò ní. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Merck ní ọ̀fẹ́ làwọn á máa fi ta ẹ̀dá lọ́rẹ, iye tí a bá ń fẹ́, títí ọjọ́ tí a ò ní nílò rẹ̀ mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a ò ní yé dúpẹ́. Àmọ́ ẹnì kan ò lè fi oore aládùúgbò ṣe ètò oúnjẹ ilé rẹ̀.

Tọmọdé tún burú ju tàgbà lọ. Mo jókòó lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan nítòsí Tákíẹ́. Ìyá kan gbé ọmọ ọdún mẹ́ta wọlé, ọmọ náà ń tọ ẹ̀jẹ̀. Praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, ló wà nílẹ̀, hóró gbọ̀ǹgbọ̀ tí àgbà gan-an ń fi omi púpọ̀ lé lọ. Oníkẹ́míìsì fi bíléèdì gé e, ó da ìdajì sórí bébà, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ mílíìkì. "Ẹ dì í mú dáadáa, màmá." Ọmọ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú sórí ìró ìyá rẹ̀. Wọ́n tún fún un, ó tún tu díẹ̀. Mélòó ló wọlé? Èmi ò mọ̀, oníkẹ́míìsì ò mọ̀. Ìyá náà nu ìró rẹ̀, ó sanwó, ó lọ.

Ó ti lé lógójì ọdún tí praziquantel ti wà láyé. Hóró kékeré tó ń yọ́ nínú omi, tí wọ́n ṣe fún ọmọ oṣù mẹ́ta títí dé ọdún mẹ́fà, December 2023 ni àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìmọ̀ kọ́ ló fa ìdádúró náà. Ta ni ì bá rà á?

Ọ̀nà tí wọ́n ti gbìyànjú láti fi mú olówó wá kò pọ̀. Ọ̀kan wà tí àgbẹ̀ kajú kankan á tètè lóye. Bí oníbàárà bá wá bá yín kí ẹ tó gbìn, tó ní, "Ẹ gbìn ín, owó ti wà nílẹ̀ fún èyí tó bá so, iye tí mo máa rà á sì nìyí," ọkàn yín á balẹ̀. Ohun tí Ítálì, Bìrìtìkó, Kánádà, Rọ́ṣíà, Nọ́wè àti àjọ Gates ṣe ní 2009 nìyẹn: bílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà irú òtútù àyà kan. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ni PCV tí ẹ̀ ń gbé ọmọ lọ gbà lọ́sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ó dé Nàìjíríà ní 2014. Àwọn kan ní owó náà pọ̀ jù fún ilé-iṣẹ́ tó ti ń ta irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olówó tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ṣe é dà nù. Ṣùgbọ́n àfi tí abẹ́rẹ́ bá wà, tí orílẹ̀-èdè sì béèrè fún un, ni owó náà tó ń jáde. Orí dé ààfin kí wọ́n tó sanwó.

Ìkejì gbọ́n jù ú lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Duke l'Amẹ́ríkà, Ridley, Grabowski àti Moe, ló dá àbá rẹ̀ ní 2006. Ìjọba wọn sọ ọ́ dòfin ní 2007. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba àṣẹ fún oògùn àrùn ìpatì, irú èyí tí kò ní olówó lẹ́yìn, wọ́n á fún un ní ìwé kan. Ìwé yẹn á jẹ́ kí wọ́n yẹ oògùn rẹ̀ mìíràn wò láàárín nǹkan bí oṣù 6 dípò 10. Oṣù 4 lè má jọ yín lójú. Ẹni tó fẹ́ ta oògùn fún ọlọ́rọ̀ mọ ohun tí oṣù 4 lórí àtẹ ń pa wọlé. Bí kò bá sì fẹ́ lò ó, ó lè tà á. Ní 2012 wọ́n na òfin náà dé ọ̀dọ̀ àrùn ọmọdé tó ṣọ̀wọ́n, ìgbà tó sì di 2015, ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ ní mílíọ̀nù 350 dọ́là. Bébà lásán o!

Ó ti ṣe rere. Moxidectin tó gba àṣẹ ní 2018 fún inárun, àjọ kékeré kan ní Ọsirélíà tí kì í wá èrè ló gbé e débẹ̀, ìwé yìí ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí owó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti miltefosine. Oògùn leishmaniasis ni, àrùn tí kòkòrò bíi kantíkantí ń gbé kiri. Íńdíà ti fọwọ́ sí i láti 2002. Ilé-iṣẹ́ kan kàn gbé e lọ gba òǹtẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 2014, wọ́n gba ìwé, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 125 dọ́là, àwọn dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn sì ṣì ń wá oògùn náà kiri. Wọ́n ti dí ihò yẹn lẹ́yìn náà: oògùn tó ti ń káàkiri níbòmíràn ò lè kàn yọjú gba ìwé mọ́. Síbẹ̀ òǹtẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá ó dé ẹnu ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé, nítorí àwa náà ń so kóríyá síbi tí kò yẹ. Ìgò BCG kan, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ogún ọmọ ló wà fún. Bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, ìyókù di dídànù. Mo ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ ilé ìwòsàn kan rí. Ọmọ mẹ́ta la wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà wá, ó tún kà wá, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ padà wá l'Ọ́jọ́bọ̀." Mo bínú. Ìgbà tí ara mi rọlẹ̀ ni mo rò ó: ìgò tó bá ṣòfò ni wọ́n máa bi í. Ọmọ tó padà sílé láìgbà á, kò sẹ́ni tó máa bi í. Kí ni ìwọ ì bá ṣe?

Ìyá tó tinú abà wá, tó sanwó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì, kì í wá lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n á ní kò kàwé, kò mọ̀ pé àjẹsára dára. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mọ̀ pé ó dára. Ìrìnàjò òfo ló sú u.

Ní ẹkùn Udaipur ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, dán nǹkan wò. Láwọn abúlé tí wọn ò ṣe nǹkan kan sí, ọmọ 6 nínú 100 ló gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wá lóṣooṣù láìyẹ̀, ó di nǹkan bí 18. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wá, tí wọ́n tún ń fún ìyá ní ẹ̀wà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ wọn kílò kan fún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àwo irin nígbà tí ọmọ bá parí, ó di 39. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ pé láìsí ẹ̀wà ná wọn ní nǹkan bí 56 dọ́là, pẹ̀lú ẹ̀wà, 28. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pín kiri ló dín ìnáwó kù! Nọ́ọ̀sì náà á jókòó látàárọ̀ bóyá èèyàn wá bóyá wọn ò wá, owó iṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà. Bí èrò bá pọ̀, ìgò tó ṣí náà ò ní ṣòfò.

Àwọn kan á ní à ń fi oúnjẹ ra ìyá. Ẹ má bínú, a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó gba mílíọ̀nù 125. Ìyẹn la ń pè ní kóríyá. Kílò ẹ̀wà kan ló wá di àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, màmá kan tó wá láti ìhà Ìkòyí-Ilé dìde. "Ọmọ mi, o káre. Ọjọ́ tí mo bá dé tí wọn ò ṣí ìgò, ta ló máa san ọ̀kadà mi?"

Kí n tó fèsì, nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn ti kúnlẹ̀ kí wọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ má bínú. Tí mo bá ṣí i fún ọmọ méjì, kúẹ́rì ni wọ́n máa fún mi."

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ díẹ̀. Màmá ní, "Àṣé ìwọ náà ń bẹ̀rù wọn." Ó sún àpò rẹ̀ kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè jókòó. Nígbà tí mo ń kó ìwé mi nílẹ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ tuntun tó wà lábúlé màmá, nọ́ọ̀sì sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìpàdé wa. Wọ́n ti ka mọ́kànlá.