Wáàsí Jímọ̀: Kí O Tó Ké Pé "Ẹ Pa Á!"

Asalaamu alaekun warahmọtulaahi wabarakaatuh. Ẹ̀yin ará mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, nílé lóko, a kú Jímọ̀ o. Ọlọ́hun á gba ìrun wa.

Ní Takie, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà dé ìsọ̀ alámàlà, ọ̀rọ̀ ajínigbé ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan ní kí ìjọba máa pa wọ́n. Àwọn mìíràn ní ká má tilẹ̀ gbé wọn dé kóòtù, táyà àti bẹntiróò ló tọ́ sí wọn. Ẹlòmíì ní ìjọba kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀mí èèyàn. Inú ń bí wa, mo mọ̀. Ẹ̀rù oko ń ba àgbẹ̀.

Nínú Suuratul Bakọra, áyà 178, Ọlọ́hun ṣe ẹ̀san ẹ̀mí lófin lórí ẹni tó bá pààyàn. Mùsùlùmí ò lè pe òfin yẹn ní ìkà. Àmọ́ ẹ kà á tán o: áyà yẹn náà ló fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ẹbí òkú láti foríjì, kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀. Suuratul Isirai, áyà 33, tún kìlọ̀ fún ẹbí ẹni tí wọ́n pa pé kó má ṣe kọjá àlà níbi ẹ̀san.

Ẹ wá wo Maiz ọmọ Malik, ọkùnrin kan láyé Ànábì. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), tó ní òun ti ṣe ṣìná. Ànábì yíjú kúrò. Maiz yí sí ìhà kejì, Ànábì tún yíjú. Ó jẹ́wọ́ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin, Ànábì wá bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Wọ́n tún ní kí ẹnì kan gbóòórùn ẹnu rẹ̀, bóyá ọtí ló mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Nígbà tí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ó sá, wọ́n lé e bá, wọ́n sọ ọ́ pa. Ànábì gbọ́, ó ní kí ló dé tí wọn ò fi í sílẹ̀.

Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá nìyẹn o! Àwa ńkọ́? Ẹni tí a so lọ́wọ́ sẹ́yìn, tí a lù títí ojú rẹ̀ fi wú, tó wá ní òun lòun ṣe é, ìjẹ́wọ́ wo nìyẹn?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà, ní abala 33, ìdájọ́ kóòtù ló gbà pé a lè torí rẹ̀ pa ọ̀daràn, kì í ṣe ariwo ọjà. Abala 212 fún gómìnà lágbára láti foríjini. Ní December 2024, Gómìnà Ademola Adeleke ti Ọ̀ṣun, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, foríjì ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún nínú ẹjọ́ olè tí ọ̀rọ̀ adìẹ wà nínú rẹ̀. Ká ní wọ́n ti so ó rọ̀ ńkọ́?

Èmi ò ní kí a fagi lé ìdájọ́ ikú o. Ẹ̀rí ló ń kọ mí lóminú. Bí ọlọ́pàá bá dé, tó ní ta ló rí i, gbogbo àwọn tó ń ké "ẹ pa á" á ti gun ọ̀kadà lọ. Bakọra kan náà, áyà 283, ní kí a má fi ẹ̀rí pamọ́, pé ẹni tó bá fi í pamọ́, ọkàn rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ìwọ tó mú táyà wá lánàá, bí kóòtù bá ránṣẹ́ sí ọ lọ́la, ṣé wàá yọjú?