Wáàsí Jímọ̀: Ilẹ̀kùn Tí Ànábì Yúsúfù Sá Lọ Bá

As-salaamu alaykum warahmatullahi wabarakaatuh, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó tún jẹ́ ká rí Jímọ̀ òní. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ní ọdún 2014, ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà tan fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba ohùn, òun fúnra rẹ̀ sì jáde lọ rìn létí òkun. Ohùn ọkọ rẹ̀, Robert Bentley, ni fóònù náà gbà sílẹ̀, níbi tó ti ń bá obìnrin tó jẹ́ olùdámọ̀ràn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó ní bí àwọn bá tún máa ṣe bíi ti ìjọ́sí, àfi kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, pé ó ṣeé ṣe kí òun sún tábìlì akọ̀wé òun kúrò nítòsí. Dókítà ni ọkùnrin yìí, díákónì ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìgbéyàwó òun àti ìyá náà sì ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló gbé mi lọ sínú Sūratu Yūsuf, āyà 23. Ọlọ́hun sọ pé obìnrin tí Yúsúfù ń gbé nílé rẹ̀ ti àwọn ilẹ̀kùn pa, ó sì ní kó máa bọ̀. Yúsúfù ní, “Ma‘ādha-llāh, mo sá di Ọlọ́hun.” Ẹrú ni nílé yẹn. Ó jìnnà sí bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílùú, ẹni tó ń pè é sì lágbára láti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn ló sá lọ bá, títí ẹ̀wù rẹ̀ fi ya lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní agbára ló ń lè ti ilẹ̀kùn. Ipò a máa fún èèyàn ní ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàdédé wọ̀, ọlọ́pàá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé á ní ọ̀gá ń ṣèpàdé. Ànábì sì ti kìlọ̀ fún wa pé ọkùnrin kì í dá wà pẹ̀lú obìnrin àjèjì kí Ṣàítánì má ṣe ẹnìkẹta wọn.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: Sūratu Nūr ní ẹni tó bá fi sìná kan obìnrin oníwà mímọ́, tí kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, ọgọ́rin pàṣán ni tirẹ̀. Nítorí náà mi ò ní pe ẹnikẹ́ni lóníṣìná. Ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ, tàbí tí ìwádìí àti ilé ẹjọ́ wọn gbé jáde, ni mo ń sọ. Bentley tọrọ àforíjì ní 2016 fún ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ó ní àwọn ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́hun ló mọ̀. Ìwádìí fi hàn pé ó fún ìyàwó rẹ̀ ní iPad kan, iPad yẹn sì so mọ́ fóònù tirẹ̀, ni gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìfẹ́ bá ń já wọlé síwájú ìyá ilé. Ọba tó ní ní Ọjọ́ Àlùkìyámà Òun yóò dí ẹnu pa, kí ọwọ́ máa sọ̀rọ̀, kí ẹsẹ̀ máa jẹ́rìí, ó rọrùn fún Un láti fi ohun tí à ń lò fúnra wa jẹ́rìí lé wa lórí nílé ayé níbí.

Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2017, Bentley fi ipò sílẹ̀. Ẹ̀sùn tó gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀ ní kóòtù, ẹ̀sùn owó ni: owó ìpolongo ìbò, tó fi lára rẹ̀ san owó agbẹjọ́rò obìnrin yẹn. Ibí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan àpò ìlú.

Ẹ wo Kwame Kilpatrick, méyọ̀ ìlú Detroit. Ní 2007 ó búra ní kóòtù pé kò sí nǹkan kan láàárín òun àti obìnrin tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì òun. Àwọn ọlọ́pàá tó ní ó fìyà jẹ àwọn ló pe ẹjọ́ náà, wọ́n sì borí. Ìlú Detroit san mílíọ̀nù dọ́là 8.4. Owó ta ni? Owó orí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, owó orí opó tó ń tọ́mọ. Ní oṣù kìíní 2008, ìwé ìròyìn Detroit Free Press gbé àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn méjèèjì jáde, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ìlú rà fún wọn tẹ̀. Irọ́ ni ìbúra yẹn. Ó kúrò nípò lọ́dún náà, ó lọ sẹ́wọ̀n. Ní 2013, kóòtù ìjọba àpapọ̀ tún dá a lẹ́bi ìwà ìbàjẹ́ lórí owó ìlú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 28, kí Ààrẹ Trump tó gé e kúrú ní 2021.

Mark Sanford, gómìnà South Carolina, pòórá ní oṣù kẹfà 2009. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ó lọ rìn lórí òkè Appalachia. Argentina ló wà lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ àwọn bàbá, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin mẹ́rin ló fi sílé. Òun náà san ìtanràn 74,000 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò àti ìnáwó.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti Eliot Spitzer ní New York. Nígbà tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó ń gbé àwọn tó ń fi obìnrin ṣòwò lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di gómìnà ní 2007, ó fọwọ́ sí òfin tó fi kún ìyà ọkùnrin tó bá ń ra obìnrin. Ní oṣù kẹta 2008, àṣírí tú pé oníbàárà irú òwò bẹ́ẹ̀ lòun náà. Àwọn báńkì ló kọ́kọ́ fura sí bó ṣe ń fi owó ránṣẹ́. “Kí ló dé tí ẹ ń sọ ohun tí ẹ kì í ṣe?” Sūratu Ṣọ́ffù ni. Àwa tí à ń gun mínbárì, àwa ni āyà yìí ń bá wí ṣáájú gómìnà èyíkéyìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwà àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìlú wọn bi olórí léèrè, ó sì dáhùn. Ànábì wa ní ohun tó pa àwọn tó ṣáájú run ni pé bí ẹni ńlá bá jalè, wọ́n á fi í sílẹ̀, bí mẹ̀kúnnù bá jalè, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí agbẹjọ́rò àgbà New York gbé ìwádìí jáde ní oṣù kẹjọ 2021 pé Gómìnà Andrew Cuomo fi ìṣekúṣe yọ obìnrin 11 lẹ́nu, tí òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wọn, ó sẹ́, ṣùgbọ́n ó fi àga sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Bí ọmọbìnrin bá ní ọ̀gá òun tilẹ̀kùn mọ́ òun, aṣọ tó wọ̀ la kọ́kọ́ ń bi í. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Yúsúfù tó sá lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, òun náà ni ọba fi ilé ìṣúra Íjíbítì lé lọ́wọ́. Hádíìsì sì to àwọn méje tí Ọlọ́hun yóò ṣíji bò lọ́jọ́ tí kò sí ìbòòji kankan àfi tiRẹ̀: olórí tó ń ṣe déédéé wà nínú wọn, ọkùnrin tí obìnrin arẹwà onípò pè tó ní “mo bẹ̀rù Ọlọ́hun” náà wà nínú wọn.

Ìwọ tó ń ka èyí, tó ti wà nínú irú rẹ̀, tí Ọlọ́hun ṣì ń bò ọ́ láṣìírí: má sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, má fi ṣe fáàrí, Ànábì ní ìjọ òun ni a ó ṣàmójúkúrò fún àfi àwọn tó ń polongo ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn. Ṣe túúbá. Kí wọ́n tó pe ìrun Asíri lónìí, fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pa nọ́ńbà yẹn rẹ́. Bí ibi iṣẹ́ kan náà lẹ wà, láti Mọ́ńdè, ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ sílẹ̀ gbayawu.