Ṣọ́ọ̀lù oníhò ti Shetland: bí ihò ṣe ń wọlé tí iye ojú kì í yẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Tí a bá dárúkọ léèsì, aṣọ òde tí ẹ̀rọ ti kọ́ iṣẹ́ sí lára ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Èyí tí a fẹ́ hun lónìí yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ méjì àti òwú kan ṣoṣo ni, a kì í gé ihò rẹ̀, ńṣe là ń hun ún wọlé. Àwọn obìnrin erékùṣù Shetland, lókè Scotland lọ́hùn-ún, mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó. Ní Unst, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù náà, wọ́n máa ń fi ọwọ́ fa irun ọrùn àgùntàn, torí irun ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Wọ́n á ran án di òwú tín-ín-rín, wọ́n á fi hun ṣọ́ọ̀lù tó lè bo géńdé mọ́lẹ̀, síbẹ̀ tó máa gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá.

A ò ní bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Old Shale la máa hun, iṣẹ́ Shetland tó ń rí bí ìgbì omi. Ẹ wá òwú tín-ín-rín, irú èyí tí 100 gíráàmù rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 800 mítà, àti abẹ́rẹ́ oní-mìlímítà 4. Abẹ́rẹ́ máa dà bí ẹni pé ó ti nípọn jù fún òwú náà. Ẹ fi í bẹ́ẹ̀, àyè yẹn ni ihò máa fi là.

Ẹ kó ojú 78 (ìyẹn kókó òwú tó ń jókòó sórí abẹ́rẹ́) sórí abẹ́rẹ́: ọ̀wọ́ mẹ́rin tó jẹ́ ojú 18 lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú 3 fún etí lọ́tùn-ún àti 3 lósì. Ẹ má fà á le. Etí tó bá le kò ní lè ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì nígbà tí a bá nà án.

Ìlà kìíní, ẹ hun gbogbo rẹ̀ ní ìhun iwájú (knit). Ìlà kejì, ojú 3 níwájú, ìyókù ní ìhun ẹ̀yìn (purl), ojú 3 tó kẹ́yìn níwájú. Ìlà kẹta ni ihò wà. Lẹ́yìn ojú 3 etí, ẹ hun ojú méjì pọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá fi òwú kọ́ abẹ́rẹ́ lọ́rùn (òun ló ń di ihò), kí ẹ hun ojú kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ tún hun ojú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀wọ́ kan parí nìyẹn. Ẹ ṣe mẹ́ta tó kù bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ojú 3 etí parí ìlà. Ìlà kẹrin, ìhun iwájú látòkè délẹ̀. Ẹ padà sí ìlà kìíní.

Ẹ wo ọwọ́ dáadáa níbi tí òwú ti ń kọ́ abẹ́rẹ́: òwú gba àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì bọ́ síwájú, ó gorí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó padà sẹ́yìn. Bó bá gba òdìkejì, tàbí tí ẹ bá hun ún láti ẹ̀yìn lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, ojú náà á lọ́, ihò á sì pa dé.

Ìṣirò iṣẹ́ yìí dà bíi gbèsè: ihò kọ̀ọ̀kan ń fi ojú kan kún un, ojú méjì tí a hun pọ̀ ń san kan padà. Ihò mẹ́fà, ìsanpadà mẹ́fà. Ẹ fi òrùka àmì sáàárín ọ̀wọ́ àti ọ̀wọ́, kí ẹ sì ka ojú lẹ́yìn ìlà kẹta. Tí ọ̀wọ́ kan bá jẹ́ 17, ihò kan lẹ gbàgbé. Tó bá jẹ́ 19, ibì kan wà tí ẹ kò hun méjì pọ̀. Ihò tí ẹ gbàgbé kò tó ohun tí à ń tú aṣọ fún: ní ìlà kẹrin, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì gbé òwú tó sùn sáàárín ojú méjì níbẹ̀, kí ẹ hun ún. Ihò náà máa kéré díẹ̀; nínà máa tún un ṣe.

Fún àṣìṣe tó jìn, okùn ààbò ni. Lẹ́yìn ìlà kẹrin kọ̀ọ̀kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ńlá fa òwú dídán tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gba inú gbogbo ojú 78, kó má sì gba inú òrùka àmì. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ tú u. Yóò dúró lórí okùn. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti hun ṣọ́ọ̀lù oníhò láìní í.

Tó bá jẹ́ súwẹ́tà lẹ fẹ́ hun iṣẹ́ yìí sí, ibi abíyá ló máa ń kó bá èèyàn. Bí ojú ṣe ń dín kù létí, ihò kan lè ṣẹ́ kù tí kò ní ìsanpadà mọ́. Ẹ má hun ihò náà rárá; ìhun iwájú lásán ni kí ẹ fi dí ibẹ̀.

Láti pa etí òpin, ẹ hun ojú méjì, ẹ dá wọn padà sí abẹ́rẹ́ òsì, ẹ hun wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ hun ojú kan sí i, ẹ tún dá méjèèjì padà. Etí yìí máa ń fà.

Bó ṣe kúrò lórí abẹ́rẹ́, ó máa rún bí àkísà. Ẹ má banújẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fún un jẹ́jẹ́ láìlọ́ ọ, ẹ ká a mọ́ táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù, kí ẹ fi píìnì na ṣóńṣó ìgbì kọ̀ọ̀kan síta. Òwú acrylic, tí a sábà fi ń hun ṣọ́ọ̀lù ìkókó níbí, kì í gbọ́ ti omi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi píìnì nà án, ooru áyọ́ọ̀nù olómi ni kí ẹ fẹ́ sí i láti òkè, kí irin má kàn án, torí ó máa yọ́. Tí irun àgùntàn bá sì ni, ẹ má yọ píìnì kankan títí yóò fi gbẹ délẹ̀; bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, ó máa sún kì padà.