Bí A Ṣe Ń Wọn Ẹ̀lẹ́kítíróònù Láìlo Òṣùwọ̀n

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ilé-Ifẹ̀ náà la wà, nínú yàrá ìdánrawò wa. Ẹ ti bi mí títí pé, "Ọ̀gá, níbo lèèyàn ti lè fojú ara rẹ̀ rí E = mc²?" Òní la máa rí i: E ni agbára, m ni ìwúwo, c ni ìyára ìmọ́lẹ̀; ìwúwo lè di agbára. Kò sí òṣùwọ̀n kan ní gbogbo Ifẹ̀ tó lè wọn ẹ̀lẹ́kítíróònù ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àwa máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ tan detector yín, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára gamma (ìtànṣán alágbára tí ojú ò lè rí), kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30. Ẹ má kánjú! Bí kò bá tíì gbóná tán, góńgó, ìyẹn ibi tí iye gamma ti ga jù, á máa rìn kiri lójú kọ̀ǹpútà bí ewúrẹ́ tó já okùn. Bí iná bá ṣẹ́jú, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ díwọ̀n ẹ̀rọ: ẹ gbé Cesium-137, ohun tó ń tú gamma jáde, síwájú rẹ̀. Agbára gamma tiẹ̀ jẹ́ 662 keV (keV la fi ń ka agbára kékeré báyìí). Lórí tèmi, channel 331 (nọ́ńbà ibi tí góńgó wà lójú kọ̀ǹpútà) ló bọ́ sí. Cobalt-60, góńgó 1332 bọ́ sí 666. Channel kan, keV 2. Ó tán.

Ẹ gbọ́ o: ẹ má fi Sodium-22 ṣe òdiwọ̀n! Ọdọọdún ni mò ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. 511 keV, agbára ẹ̀lẹ́kítíróònù tí ẹ ń wá, lẹ tún fi ń díwọ̀n; ẹlẹ́jọ́ ti di ẹlẹ́rìí ara ẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Wàyí o, Sodium-22. Ẹ̀mú ni kí ẹ fi gbé e. Ẹ wá fi álúmíníọ̀mù mílímítà 1 há a láàárín, lọ́tùn-ún lósì. Àṣírí mi nìyí. Inú álúmíníọ̀mù yẹn ni pósítíróònù tí Sodium-22 ń tú jáde (ìbejì ẹ̀lẹ́kítíróònù tí iná rẹ̀ jẹ́ òdìkejì) máa dúró sí, á pàdé ẹ̀lẹ́kítíróònù, àwọn méjèèjì á pòórá. Ìwúwo wọn ò ṣègbé o: ó di gamma méjì tó kẹ̀yìn síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé agbára tó tó ẹ̀lẹ́kítíróònù kan.

Ẹ wò ó, channel 256. Ìlọ́po 2 ẹ̀, keV 512, ẹ̀gbẹ́ 511 gan-an. Ẹ sọ ọ́ di joule: 8.2 × 10⁻¹⁴. Ẹ fi c² pín in, ìyẹn 9 × 10¹⁶. 9.1 × 10⁻³¹ kg! Bó ṣe wà nínú ìwé gan-an nìyẹn, orí tábìlì yìí la sì ti rí i.

Ẹni tó béèrè nípa góńgó 1275: ìyẹn ò sí lára pípòórá yẹn. Neon-22 tí Sodium-22 dà ló ń tú agbára sílẹ̀ kó tó fara balẹ̀.

Ẹ̀rí pé gamma méjèèjì kẹ̀yìn síra ńkọ́? Ẹ gbé detector kejì sí òdìkejì, kìkì èyí tí méjèèjì bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kà. Ó ń kà, ó ń kà. Mo wá sún ọ̀kan ní dìgírì 30... ẹ wò ó, iye ti já wálẹ̀. Mo dá a padà... ó tún ti dé!