Skrínṣọ́ọ̀tì Kì Í Ṣe Ẹ̀rí: Bí A Ṣe Ń Fi Hàn Pé Àwa La Ni Àdírẹ́sì Wọ́lẹ́ẹ̀tì

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Owé. Ká ní ẹnì kan ní Kábà fẹ́ ra bitcoin lọ́wọ́ yín, ó wá ní òun ò ní sanwó àfi tó bá dá òun lójú pé ẹ̀yin lẹ ni àdírẹ́sì tí bitcoin náà wà. Ẹ fi skrínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́. Kò tíì rí ẹ̀rí kankan o. Ẹnikẹ́ni ló lè da àdírẹ́sì ẹlòmíì sínú Electrum, ìyẹn áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tọ́jú bitcoin, iye tó wà níbẹ̀ á hàn kedere, bẹ́ẹ̀ kò lè ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ìbuwọ́lù ni ẹ̀rí. Wọ́lẹ́ẹ̀tì á fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ àdírẹ́sì yín (private key, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ná owó ibẹ̀) buwọ́ lu ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ, ẹni kejì á sì yẹ̀ ẹ́ wò láìfojú kan kọ́kọ́rọ́ náà. Owó ò kúrò níbi tó wà, kò sí owó iṣẹ́, kò tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní Ìsánlú, ẹ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tó bá dé.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Electrum, ẹ tẹ Tools, lẹ́yìn náà Sign/verify message. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí Message, ẹ lẹ àdírẹ́sì mọ́ Address, ẹ tẹ Sign, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù sí i. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ tó yọ ní Signature ni ìbuwọ́lù yín. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Òun náà á kó wọn sójú ewé kan náà, á tẹ Verify.

Kí ni kẹ́ ẹ kọ? Ẹ jẹ́ kí olùrajà fúnra rẹ̀ mú nọ́ńbà kan wá, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ òní kún un: «Emi ni mo ni adiresi yii. Fun oluraja Kaba, 7391, (ojo oni).» Ìbuwọ́lù àtijọ́ kò wúlò. Ní 2016, Craig Wright ní òun ni Satoshi Nakamoto, ẹni tó dá bitcoin sílẹ̀, àwọn tó yẹ ìbuwọ́lù rẹ̀ wò sì rí i pé inú ìdúnàádúrà 2009 tó ti wà lórí blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ ìdúnàádúrà tí gbogbo ayé lè rí) ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ìyẹn.

Ẹ ò rí i pé mi ò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ tí mo kọ lókè yẹn? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Fóònù kan lè kọ «ẹ́» lọ́nà kan, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ojú wa ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àmọ́ Verify á sọ pé «Wrong signature». Àyè kan tó lé láàárín ọ̀rọ̀ náà lè bà á jẹ́. Bitcoin Core, áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn, ní tiẹ̀ kì í gba àdírẹ́sì bc1q fún èyí, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 nìkan ló ń gbà. Nítorí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì lo Electrum.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì yín ò lè buwọ́ lùwé? Ẹ fi owó kékeré tí kò wọ́pọ̀ ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì náà, bíi USDT 1.37 tó bá jẹ́ USDT (owó kírípítò tí iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé dọ́là) ló wà níbẹ̀, láàárín àkókò tẹ́ ẹ jọ dá, kí olùrajà wò ó lórí blockchain. Èyí gba owó iṣẹ́. Tó bá jẹ́ inú exchange (ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n sì ń tà á) ni owó yín wà, kò ní ṣiṣẹ́: kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ exchange, àdírẹ́sì tiwọn ni owó náà á sì ti jáde.

Fún àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, irú ti Ethereum, ẹ lo Verified Signatures lórí Etherscan, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo blockchain Ethereum, ẹ tẹ Sign Message, ẹ so wọ́lẹ́ẹ̀tì yín mọ́ ọn. Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú. Kí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ nìkan hàn nínú fèrèsé tó bá yọ. Tẹ́ ẹ bá rí Permit tàbí Spender níbẹ̀, wọ́n ń gba àṣẹ láti kó tókìn yín lọ ni, bí kò tiẹ̀ gba owó iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ Reject. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tẹ́ ẹ kọ pa mọ́ (seed phrase, tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín) hàn òun kẹ́ ẹ lè fi ẹ̀rí múlẹ̀, olè ni. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó nílò wọn.