Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀: Ibi Tí Àbádòfin Náà Ti Máa Ń Há

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ wá ibi jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ òní ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó ti pẹ́. Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá ti jáde pé àwọn aṣòfin l'Ábújá tún ti gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yẹ̀wò, fóònù mi kì í sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti gbà á?" "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gómìnà wa lè máa gba ọlọ́pàá síṣẹ́ báyìí?" Àbúrò mi, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì ni. Pé wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì kò sọ ọ́ di òfin. Ọ̀nà ṣì jìn gan-an, mo sì fẹ́ mú yín rìn ín lónìí.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ sẹ́nétọ̀ àti ẹni tó ń jẹ́ ọnárébù, ẹ mọ ìyẹn. Nọ́ńbà méjì péré ni kẹ́ ẹ dì mú: 214 àti 9.

Abala 214 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló dè wá lọ́wọ́. Ohun tó sọ ni pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ni yóò wà fún Nàìjíríà, a kò sì gbọdọ̀ dá òmíràn sílẹ̀ níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí. Kan ṣoṣo. Ẹ wá ṣí abala 215 tó tẹ̀ lé e. Ó ní gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ lórí ààbò ìlú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí kọmíṣánnà tó jẹ́ àṣẹ yẹn, ó lè ní òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Gómìnà tí gbogbo wa ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn!

Ohun tó fà á nìyí tí Àmọ̀tẹ́kùn fi rí bó ṣe rí. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n fi lọ́lẹ̀ n'Íbàdàn. Kò pẹ́ rárá tí Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, fi ní kò bófin mu. Ó di dandan kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe òfin tirẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀ náà, Àmọ̀tẹ́kùn kì í ṣe ọlọ́pàá. Olóògbé Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ gómìnà Òǹdó, pariwo títí pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ Àmọ̀tẹ́kùn gbé irú ìbọn tí àwọn ajínigbé ń gbé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ìlú tí wọ́n ti pa àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kárùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022. Ẹni tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílùú rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Èmi náà ní àǹtí kan lápá Àkókó tó ń dá oko ẹ̀gẹ́. Tẹ́lẹ̀, kùtùkùtù ló ti máa ń jáde, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó darí wálé. Nísinsìnyí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń lọ, ọ̀sán gangan ló ń padà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tó mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó jọ lọ. Ilẹ̀ tó ń ro ti dín sí ìdajì. Nítorí náà, ẹ má bínú bí ohùn mi bá lọ sókè nínú fídíò yìí. Oúnjẹ wa lọ̀rọ̀ náà.

Ó yá, abala 9. Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń da gààrí lọ́wọ́, kó fi síbi kan ná.

Òfin tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í nira. Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn bá ti wọlé, ìyẹn 37, ìjókòó ti pé. Bí gbogbo wọn bá dìbò, tí 19 nínú 37 yẹn sì ní "bẹ́ẹ̀ ni", àbádòfin ti kọjá. Èèyàn 19 péré!

Àtúnṣe sí ìwé òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí abala 9 béèrè ni ìdá méjì nínú mẹ́ta GBOGBO àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé. Mo ní GBOGBO. Kì í ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wá síjókòó lọ́jọ́ náà. Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í, títí kan àwọn oníròyìn kan tó yẹ kó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 109 jẹ́ 73. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, tí èèyàn 360 wà, 240 ni. Ó dáa, ká sọ pé sẹ́nétọ̀ 80 ló wá lọ́jọ́ ìbò. 70 ní "bẹ́ẹ̀ ni", 10 péré ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin ẹ ti ń pàtẹ́wọ́, àbí? Ó ṢUBÚ. 70 kò tó 73. Àwọn 10 tó takò ó kọ́ ló pa á o. Àwọn 29 tí kò wá ló pa á. Ẹni tó lọ sí ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà lókè òkun, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo wọn ti dìbò "bẹ́ẹ̀ kọ́" láì lanu.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà lè gbọ́: ẸNI TÍ KÒ WÁ TI DÌBÒ TAKÒ Ó. Nítorí náà, bí aṣòfin yín bá dé tó ní, "Èmi ò takò ó o," ẹ má tíì kí i. Ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ilé méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́nà yìí, ọ̀kan kò lè gbà á fún èkejì. Bí 73 bá pé nílé àgbà, tí 239 bá wà nílé kejì, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ká ní ó kọjá ní méjèèjì wàyí. Orin dé, ìlù dé, wọ́n gbé e sórí ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Ó ṣì kù! Ó kan ilé aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 36, ó kéré tán 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ 13 péré tó láti dá a dúró. Ẹ wá wò ó o, wọn kò tilẹ̀ ní láti sọ pé àwọn kò fẹ́. Abala 9 kò dá ọjọ́ fún wọn. Wọ́n lè gbé e sínú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Mo máa ń fi ilẹ̀ ẹbí ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn èèyàn. Àbúrò bàbá mi ra ilẹ̀ kan n'Íbàdàn. Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ló gbowó, ó kọ risíìtì, wọ́n pa obì, wọ́n gbàdúrà. Àbúrò bàbá mi fi ilé lélẹ̀, ó mọ ọ́n dé ojú fèrèsé. Àfi bí àwọn ọmọ ìdí igi kẹta ṣe dé lọ́jọ́ kan: "Ta ló fọwọ́ síwèé fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ìdí igi mẹ́rin ló wà nínú ẹbí yẹn. Méjì péré ló gbọ́ sí i. Olórí ẹbí kò purọ́, òun náà ni olórí ẹbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ilé yẹn fi wà lójú fèrèsé, tí koríko ń hù nínú yàrá. Àbújá ni olórí ẹbí. Ìpínlẹ̀ ni ìdí igi. Àwa sì dà bí àbúrò bàbá mi: risíìtì olórí ẹbí la máa ń gbé kiri, tí à ń jó.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń sọ àsọdùn? Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin l'Ábújá dìbò lórí àbádòfin 68 tó fẹ́ tún ìwé òfin ṣe. 44 ló kọjá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn ìpínlẹ̀. Ó di oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn odidi ọdún kan, kí Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu díẹ̀ nínú wọn. Mélòó? 16. Láti 68 sí 16!

Àmọ́ ẹ wo ohun tí 16 yẹn ṣe. Ó fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè lórí ọ̀nà rélùwéè. Ó fún wọn láyè lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó tún jẹ́ kí wọ́n lè pèsè iná mànàmáná, kí wọ́n sì pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso iná ìpínlẹ̀ wọn sọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ìwé òfin yẹn kò ṣe é tún ṣe. Ó ṣe é ṣe, bí ìdí igi bá ti pé.

Nípa ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ gan-an, àbádòfin rẹ̀ kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní oṣù kejì ọdún 2024. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kéde ọ̀rọ̀ ààbò gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì, ó sì rọ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí yóò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ọlọ́pàá tirẹ̀ lè dá a sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ààrẹ kò fi ìbò kan ṣoṣo kún 73 yẹn, kò sì fi ìpínlẹ̀ kan kún 24.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀, nítorí àwọn àgbà tó ń wo fídíò yìí yóò ti máa mi orí. Wọ́n rí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rí. Láyé ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, ọlọ́pàá wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ níhà Ìwọ̀ Oòrùn àti níhà Àríwá. Àwọn olóṣèlú sì lò wọ́n bí ẹni lo ẹgba. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nípò ń fi wọ́n kó alátakò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ mọ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà torí rẹ̀.

Èmi fara mọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Mo sọ ọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo máa kọ́kọ́ wá ìdáhùn rẹ̀ nínú àbádòfin kí n tó wo ìyókù: TA LÓ LÈ YỌ KỌMÍṢÁNNÀ? Gbogbo ẹnu ni ń sọ nípa ẹni tí yóò yàn án. Ta ló lè yọ ọ́? Bí gómìnà bá lè jí lówùúrọ̀ kó yọ kọmíṣánnà tí kò gbà láti mú alátakò, ọdún 1965 la padà sí yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lábẹ́ gómìnà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ìkejì ni owó. Ìpínlẹ̀ tó ń jẹ tíṣà lówó oṣù, ṣé yóò san ti ọlọ́pàá? Ọlọ́pàá tí ebi ń pa, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fúnra yín ẹ rò ó.

Kí n yára parí ti àkókò, torí ó ká mi lára. Ilé aṣòfin kẹwàá yìí wọlé ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Oṣù kẹfà ọdún 2027 ni tirẹ̀ parí. Àbádòfin tí kò bá tíì parí títí di ìgbà yẹn, ó kú nìyẹn. Ilé tuntun lè ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kíkà àkọ́kọ́, kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìjíròrò ìta gbangba, gbogbo rẹ̀ pátá. Àǹtí mi yóò ṣì máa fi aago mẹ́sàn-án lọ sóko.

Nítorí náà, ẹ má kàn máa pariwo sórí àwọn sẹ́nétọ̀. Ẹni tó ń ṣojú yín nílé aṣòfin ÌPÍNLẸ̀ yín, ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀? Ṣé ẹ mọ ẹkùn tẹ́ ẹ wà? Ó sún mọ́ yín ju Àbújá lọ. Ẹ jọ ń lọ òkú, ẹ jọ ń lọ ìsọmọlórúkọ. Ẹ rí i, ẹ bi í.

Èmi ti pe tiwa. Lẹ́ẹ̀kíní, kò gbé e. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e, ó sì gbọ́ mi jálẹ̀. Mo ní, "Ọnárébù, bí Àbújá bá gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, ọjọ́ mélòó ni yóò lò kẹ́ ẹ tó dìbò?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí, pé òun máa wádìí, kí n pe òun padà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀.